Iṣẹ́ Onígìtá Rídíìmù Nínú Bándì Rọ́ọ̀kì Tó Ń Rìnrìn-Àjò: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Dójú Àmì

Bí bándì rọ́ọ̀kì bá gun orí pèpéle, ojú èrò máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ akọrin, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gìtá lídì (èyí tó ń léwájú). Ẹni tó ń ta rídíìmù, ìyẹn ẹni tó ń ta kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tó jọ ń dún) tó gbé orin ró, lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídírọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọ̀pọ̀ èèyàn má mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn fún ìṣẹ́jú kan péré, gbogbo ilé á mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀.

Ẹ wo Malcolm Young, ọ̀kan lára àwọn tó dá bándì rọ́ọ̀kì AC/DC sílẹ̀ ní 1973. Angus àbúrò rẹ̀ ló ń sáré káàkiri pèpéle. Malcolm ní tirẹ̀ á dúró níwájú anfílífáyà (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè), á bọ́ síwájú láti gbe orin, á sì padà sí ààyè rẹ̀. Angus lè ṣe gbogbo eré yẹn torí ó mọ̀ pé ibi tí òun bá fi orin sílẹ̀ sí, ibẹ̀ náà lòun máa bá a. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí rọ̀ mọ́ èyí: àwọn yòókù lè lọ torí pé ẹ̀yin dúró.

1. Ẹ mọ irú ipò tí wọ́n pè yín sí

Onígìtá rídíìmù tó ń bá bándì rìnrìn-àjò kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà mìíràn, èèyàn mẹ́ta ló ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì ta oríṣiríṣi gìtá léra wọn ní sitúdíò. Bó bá wá di pé kí wọ́n ta á lójú èrò, ọwọ́ ò ní tó. Nirvana mú Pat Smear wá ní 1993, ó sì bá wọn rìn gẹ́gẹ́ bí onígìtá kejì. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹni tó ni ipò náà ló ṣèṣe tàbí tí ara rẹ̀ ò yá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1992, iná orí pèpéle jó James Hetfield ti Metallica ní Montreal. Kò pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè ta gìtá. John Marshall, tó ti bá wọn tọ́jú gìtá rí, tó sì ti dúró fún un lẹ́ẹ̀kan ní 1986, ló ta rídíìmù. Nígbà tí àìsàn mú Malcolm Young kúrò lórí pèpéle ní 2014, Stevie Young ni AC/DC pè, torí ó ti di ipò yẹn mú fún wọn ní 1988.

Ẹ kíyè sí i: Marshall àti Stevie ti mọ orin náà kí wọ́n tó pè wọ́n. Bí ẹ bá ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹ sún mọ́ bándì tí ẹ mọ orin wọn dénú, kí ẹ sì jẹ́ ẹni tí wọ́n lè gbára lé kí àyè tó ṣí.

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn. Ṣé eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san owó lé lórí ni, àbí ọ̀sẹ̀? Ṣé wọ́n ń sanwó ọjọ́ ìdánrawò àti ọjọ́ tí a kàn fi rìn? Ṣé owó oúnjẹ òòjọ́ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́? Ta ló ń san owó ọkọ̀, ta ló ń san owó ilé ìtura, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fagi lé eré lọ́jọ́ tó kù sí dẹ̀dẹ̀? Bí wọ́n bá gba ohùn eré sílẹ̀ tí wọ́n sì tà á ńkọ́? Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí a háyà kì í ní ìpín nínú owó orin tí kò bá wọn kọ. Bí ẹ bá wá fi nǹkan tuntun kún orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà ìdánrawò, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ti bá wọn sọ ọ́, kó má di ìjà lẹ́yìn ọdún méjì.

2. Ẹ kọ́ orin bí wọ́n ṣe ń ta á lójú èrò

Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ orin tí wọ́n ń ta lásìkò yìí, kí ẹ sì béèrè ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi eré tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ò tó. Orin tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin níbẹ̀ lè di mẹ́fà lórí pèpéle. Wọ́n lè ti sọ gbogbo gìtá kalẹ̀ sí E♭ (ohùn tó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti gbogbogbòò lọ) kó lè rọrùn fún ọ̀fun akọrin. Orin tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi pòórá nínú rẹ́kọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ ní ibi pàtó tí wọ́n ń gé e sí lójú èrò. Ibi yẹn ni kí ẹ wá.

Bí ẹ bá gbọ́ gìtá mẹ́rin nínú orin kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ onígìtá lídì èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹ má fi ọgbọ́n orí yín yàn án. Ó lè jẹ́ pé èyí tó dùn létí yín jù ló ń ta fúnra rẹ̀, ẹ ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ohun tí kò sẹ́ni tó ń retí lọ́wọ́ yín.

Fún orin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo: báwo la ṣe to ohùn gìtá, ìyára orin náà, ta ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹsẹ ń yí kí ègbè tó wọlé, ibi tí gbogbo wa ń dákẹ́, bó ṣe ń parí. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ìwé tí ẹlòmíràn kọ kì í wọ ọpọlọ bẹ́ẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí. Èrò lè má fura bí ẹ bá ṣi kọ́ọ̀dù kan láàárín ẹsẹ kejì. Ṣùgbọ́n bí gbogbo bándì bá dákẹ́ wẹ́lo tí gìtá yín ṣì ń dún, kò síbi tí ẹ máa sá sí.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ orin náà pẹ̀lú, kódà bí ẹ kò bá ní gbe orin. Akọrin máa ń fo ẹsẹ nígbà mìíràn, tàbí kó tún ègbè pè lẹ́ẹ̀kan sí i torí pé èrò ń bá a kọ ọ́. Ẹni tó ń ka kọ́ọ̀dù nìkan á sọnù síbẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ á ti bá a débẹ̀ kí ègbè tó já.

3. Ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ wà

(Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.) Ọwọ́ òsì ló ń yan kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ń sọ ìgbà tó máa dún àti ìgbà tó máa dákẹ́. Mo ti rí àwọn tó mọ kọ́ọ̀dù bí ẹni mojú owó tí wọn ò lè di rídíìmù mú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sì ti rí ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù díẹ̀ tí gbogbo bándì ń bẹ̀ kó bá wọn lọ. Ẹnì kejì yìí ni kí ẹ fìwà jọ.

Ẹ mú kọ́ọ̀dù E kan ṣoṣo. Ẹ gbé mẹ́trónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìyára orin, sí 80 (lílù 80 nínú ìṣẹ́jú kan). Nínú lílù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi píìkì (ike kékeré tí a fi ń ta okùn) lu okùn lẹ́ẹ̀mejì, kó máa sọ̀ kalẹ̀ nìkan, kó má gòkè rárá. Ó máa dà bíi pé ó rọrùn. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdúró, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ bóyá ọwọ́ ti ń rẹ̀ yín, bóyá ìró kan lágbára ju èkejì lọ, bóyá ẹ ti ń sáré. Bó bá ti tẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí 85, lẹ́yìn náà 90. Orin tó bá ń lọ ní 180 tí a ń lù báyìí jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí agbára tí apá lásán lè fi ṣe é fún alẹ́ kan gbáko. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ dẹ̀. Bí ejìká yín bá ti ń gòkè lọ bá etí, ẹ dúró, ẹ sinmi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Lílu okùn wá sísàlẹ̀ nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí. Bí píìkì bá ń sọ̀ kalẹ̀, okùn tó nípọn ló ń kọ́kọ́ bà, ìró rẹ̀ á sì wúwo. Bó bá ń gòkè, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń kọ́kọ́ dún. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ nínú orin tó fẹ́ kí gbogbo ìró dọ́gba, á máa ṣe jágajàga. Orin míì sì wà tó fẹ́ lílọ-bíbọ̀ náà. Ẹ tẹ́tí sí rẹ́kọ́ọ̀dù dáadáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn. Ẹ gbé etí àtẹ́lẹwọ́, ní ìhà ìka kékeré, lé orí bríìjì gan-an, níbi tí okùn ti ń jáde. Bí ẹ bá sún un síwájú díẹ̀, ohùn á kú pátápátá. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, okùn á máa dún láìsí ìjánu. Ibi tí à ń wá wà láàárín méjèèjì: ẹ ṣì ń gbọ́ kọ́ọ̀dù tí ẹ mú, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ kúrú, ó le, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju fífẹ̀ èékánná kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí ọwọ́ ń bà sí ṣe máa ń yí padà bí ẹ bá dìde dúró tí gìtá sì sọ̀ kalẹ̀ lára ìgbànú rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti máa dúró dánra wò, kí gìtá wà níbi tó máa wà lálẹ́ eré.

Dídákẹ́ náà ní ìmọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn kọ́ọ̀dù kan, kí ọwọ́ òsì dẹ̀ kúrò lójú okùn láìgbé ìka kúrò pátápátá, kí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sì balẹ̀ lórí okùn lẹ́sẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan ò tó, pàápàá bí anfílífáyà bá lọ sókè, torí okùn tí ẹ kò tilẹ̀ ta á máa dún fúnra rẹ̀. Bí àyè tó wà láàárín kọ́ọ̀dù méjì bá mọ́ tónítóní, sínẹ́à onídírọ́ọ̀mù (ìlù tó máa ń ró kíkan) á ríbi jókòó sí, orin náà á sì le sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ onídírọ́ọ̀mù. Òun ni ẹ ń bá ṣiṣẹ́ jù, ju akọrin, ju onígìtá kejì lọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú òun àti oníbéèsì, ẹ̀yin mẹ́ta péré, kí ẹ ta gbogbo orin náà láìsí ohùn ẹnu. Ẹ gbé etí sí háì-hátì rẹ̀ (páànù méjì tó ń lura wọn) fún ìró kéékèèké, sí sínẹ́à fún lílù kejì àti ìkẹrin. Ẹ mọ̀ bóyá ó máa ń tẹ̀ síwájú bó bá wọ ègbè. Bó bá sáré lálẹ́ eré, ẹ bá a lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ dúró lórí ìyára tó tọ́ kó lè padà wá bá yín. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí bándì bá sáré pọ̀, orin ló sáré. Bí ẹnì kan bá sáré tí ẹnì kan dúró, orin ló fọ́. Bó bá jẹ́ pé ìró click (ìró mẹ́trónóòmù) ń wọ etí gbogbo yín, ìyẹn ni ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

4. Ẹ wá àyè tí ohùn yín máa gbé

Ohùn tó dùn nígbà tí ẹ dá wà nínú yàrá lè jẹ́ ìdààmú nínú bándì. Dísítọ́ṣọ̀n (ohùn gìtá tó ń ha) púpọ̀ máa ń bo ìró píìkì mọ́lẹ̀, ìró píìkì yẹn gan-an sì ni etí èrò ń gbọ́ bíi rídíìmù. Bí ẹ bá ti gbé gain (bọ́tìnì tó ń mú dísítọ́ṣọ̀n pọ̀) síbi tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dín in kù díẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ lù ú le sí i. Malcolm Young yọ píkọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ tó ń gba ìró okùn) yòókù kúrò lára gìtá Gretsch rẹ̀, ó ṣẹ́ku èyí tó wà nítòsí bríìjì, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń mú un wúwo.

Okùn E tó nípọn jù lórí gìtá ń dún ní nǹkan bíi 82 Hz (ó ń gbọ̀n nígbà 82 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan), ti béèsì sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, 41 Hz. Bí gìtá yín bá wà ní ohùn rẹ̀ gangan, ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz nínú ohùn yín kì í ṣe kọ́ọ̀dù, ariwo àpótí sípíkà ni. Ẹ gé e, kí béèsì àti ìlù ẹsẹ̀ lè mí. Ẹ má sì bá onígìtá lídì du àyè kan náà. Bó bá ń ta lókè ọrùn gìtá, ẹ wà nísàlẹ̀. Bí ohùn tirẹ̀ bá nípọn tó sì ṣókùnkùn, kí tiyín mọ́lẹ̀.

Bí dísítọ́ṣọ̀n bá pọ̀ nínú orin, ẹ yọ ohùn kẹta kúrò nínú kọ́ọ̀dù (a ń kà á láti orí ohùn tó sọ kọ́ọ̀dù lórúkọ), kí ó ku ìkíní àti ìkarùn-ún, èyí tí à ń pè ní power chord. Dísítọ́ṣọ̀n máa ń dá ìró mìíràn sílẹ̀ láàárín ohùn méjì tó bá jọ dún. Ìkíní àti ìkarùn-ún bára mu débi pé ìró tuntun yẹn gbè wọ́n lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ìkẹta bá dá sí i, ó máa ń di rúdurùdu.

5. Ẹrù: kó kéré, kó sì ní àfirọ́pò

Gìtá méjì fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń gbà to ohùn. Bí orin kan bá wà ní ohùn tó yẹ, tí òmíràn wà ní Drop D (okùn tó nípọn jù sọ̀ kalẹ̀ sí D), ẹ má rò pé ẹ ó máa yí okùn láàárín orin méjì nígbà tí akọrin ń bá èrò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn gìtá tí bríìjì rẹ̀ kì í mì fún rídíìmù, torí bí okùn kan bá já lára èyí tó ń mì, gbogbo okùn yòókù ló máa jáde kúrò lóhùn. Okùn 10 sí 46 (nínípọn wọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì) dára fún ohùn gangan. Bí bándì bá ń ta ní E♭, 11 sí 49 kì í dẹ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ okùn kí ó tó di pé ó já, kí ẹ nà án dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sí i, kó má baà máa sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle.

Pẹ́dàlì yín (ẹ̀rọ kékeré tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀) kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Tuner (èyí tó ń yẹ ohùn okùn wò) ni kó ṣáájú, nítorí òun náà lẹ ó fi pa ohùn bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gìtá. Gbogbo wáyà tó bá wà láàárín gìtá àti anfílífáyà jẹ́ ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́. Nínú àpò kékeré kan tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: wáyà méjì, bátìrì 9 V, fíúsì anfílífáyà, píìkì, okùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, síkúrú-díráíbà, iná kékeré, téèpù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ yẹ iná ìlú tí ẹ ń lọ wò. Amẹ́ríkà ń lo 120 V, Japan ń lo 100 V, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì ń lo 230 V. Anfílífáyà tó jẹ́ 120 V tí wọ́n bá kì bọ 230 V lè jóná lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ aláìníwáyà, ìgbì rẹ̀ tún ní òfin: ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí 600 MHz ló di èèwọ̀ láti oṣù Keje 2020.

6. Ibodè àti ìwé

Máníjà ìrìn-àjò ló ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n máa dá dúró bó bá wọ́. Ẹni tí bándì ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà gbọ́dọ̀ mọ èyí: físà P-1 tí Amẹ́ríkà ń fún ẹgbẹ́ olórin ń béèrè pé kí ìdá 75 nínú 100 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti wà pọ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jẹ́ ẹni tó máa mú iye yẹn yẹ̀, nítorí náà ẹ tètè fi ìwé yín ránṣẹ́. Ní àgbègbè Schengen ní Yúróòpù, àlejò tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ní ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180, ìwé àṣẹ iṣẹ́ sì tún lè jẹ́ ọ̀tọ̀.

Fún ẹrù, ìwé tó ń jẹ́ ATA Carnet máa ń jẹ́ kí gìtá kọjá ibodè láìsan owó orí, ó sì máa ń wúlò fún ọdún kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ara gìtá kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí igi rosewood ti Brazil bá wà lára gìtá yín, ẹ fi í sílé: láti 1992 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ṣọ̀wọ́n, ti fi igi yẹn sábẹ́ òfin tó le jù, láìsí ìwé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Àwọn rosewood yòókù, òfin ti dẹ̀ fún gìtá tó ti parí láti oṣù Kọkànlá 2019.

Nínú bàálù, òfin Amẹ́ríkà ti 2012 ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé gìtá wọlé bí àyè bá wà níbi tí a ń kó ẹrù sí lókè orí nígbà tí ẹ wọlé. Nítorí náà, ẹ tètè wọlé.

7. Ọjọ́ eré

Ẹ dé ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Ẹ yọ gìtá kúrò nínú àpótí rẹ̀ kó lè bá yàrá náà mu, torí ooru àti ọ̀rinrin máa ń yí ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tí ẹnjiníà ohùn bá ní kí ẹ ta, ẹ má ta sólò tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ ta orin tó le jù, kí ẹ ta á le bí ẹ ó ṣe ta á lálẹ́. Lẹ́yìn náà orin tó rọ̀ jù. Àárín méjèèjì ló fi ń mọ ibi tó máa gbé yín sí. Bó bá ní kí ẹ dín ohùn anfílífáyà kù, ẹ dín in kù. Kò sí ohùn tó dùn lórí pèpéle tó ṣàǹfààní bí kò bá jẹ́ kí èrò gbọ́ akọrin.

Nínú mọ́nítọ̀ yín (sípíkà tí ẹ fi ń gbọ́ bándì lórí pèpéle), ìlù ẹsẹ̀, sínẹ́à àti háì-hátì ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ohùn akọrin, béèsì, gìtá yín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé gìtá ara wọn sókè jù, wọn ò wá ní gbọ́ onídírọ́ọ̀mù mọ́.

8. Lórí pèpéle

Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń rí ọwọ́ onídírọ́ọ̀mù. Ìyókù ìdúró yín, ẹ bá bándì sọ ọ́: àwọn kan fẹ́ kí ẹ máa rìn, àwọn kan fẹ́ kí ẹ wà lẹ́yìn.

Okùn G á já lọ́jọ́ kan, láàárín ẹsẹ kejì. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ọwọ́ ọ̀tún má dúró. Ẹ má wo gìtá. Ẹ sọ kọ́ọ̀dù sórí okùn mẹ́ta tó nípọn, kí ẹ máa bá onídírọ́ọ̀mù lọ. Bí bríìjì yín bá jẹ́ èyí tí kì í mì, ohùn wọn ò ní yẹ̀. Ẹ wá ojú ẹni tó ń tọ́jú gìtá, kí ẹ mi orí sí i. Ẹ dúró dé ibi tí gìtá lídì nìkan tàbí ohùn akọrin nìkan ti ń lọ. Ẹ tẹ tuner kí ohùn kú, ẹ yọ wáyà, ẹ gbé gìtá kejì kọ́rùn, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ gbé ọwọ́ sí kọ́ọ̀dù tó kàn, kí ẹ tó tẹ tuner padà. Bí ẹ bá padà wọlé ní lílù kìíní ègbè, ó ti parí. Ẹ dánra èyí wò nígbà ìdánrawò gan-an, kí ẹnì kan máa ka àkókò fún yín.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sọnù nínú orin, ẹ tẹ okùn pa kí ẹ máa lù ú bẹ́ẹ̀ láìní kọ́ọ̀dù, rídíìmù lásán, títí ẹ ó fi gbọ́ ibi tí béèsì wà.

9. Etí àti ara

Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi 85 dB (dB ni ìwọ̀n ariwo) sí wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, bí ó bá sì ti fi 3 dB lọ sókè, àkókò yẹn á dín sí ìdajì. Ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé 100 dB jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, eré rọ́ọ̀kì sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ lọ bá oníṣẹ́ etí kó bá yín ṣe èdìdì tí wọ́n fi etí yín wọ̀n, kí ẹ sì lò ó nígbà ìdánrawò náà. Etí tó bá ti lọ kì í padà, mo sì mọ àwọn tí ariwo híhó ń bá sùn lálaalẹ́ báyìí.

Ẹ na ọrùn ọwọ́ kí ẹ tó gun pèpéle. Bí ó bá ń dùn yín tí ìka ń kú tìpìrì, ẹ sọ fún máníjà kíá. Nígbà tí Gilby Clarke ti Guns N' Roses kán lọ́rùn ọwọ́ nínú ìjàǹbá alùpùpù ní 1993, Izzy Stradlin, ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, ló padà wá ta fún wọn ní àwọn eré bíi mélòó kan. Ètò wà fún un bí wọ́n bá tètè mọ̀.

10. Nínú ọkọ̀, àti lẹ́yìn eré

Eré kò ju wákàtí méjì lọ. Ìyókù ọjọ́, inú ọkọ̀ ni ẹ wà pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ti mọra kí ẹ tó dé. Ẹ má dá sí ìjà tó ti wà nílẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ níta, ẹ má sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ orúkọ àwọn tó ń gbé ẹrù, ẹ kí wọn, ẹ bá wọn di wáyà yín fúnra yín bí àyè bá wà. Bí akọ̀ròyìn bá bi yín ní ọ̀rọ̀ bándì, ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ máníjà.

Ẹ ní kí ẹnjiníà fún yín ní ohùn tó gbà láti ara ẹ̀rọ rẹ̀ lálẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbọ́ ọ lálẹ́, torí inú èèyàn ṣì máa ń dùn jù tàbí bàjẹ́ jù lálẹ́. Ẹ pa ojú mọ́ gìtá lídì àti akọrin, ẹ gbọ́ ara yín àti sínẹ́à nìkan. Níbi tí méjèèjì ò bá ti bọ́ sójú kan náà, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pe onídírọ́ọ̀mù, kí ẹ jọ ta ibẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn pèpéle kí soundcheck (ìyẹ̀wò ohùn ṣáájú eré) tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lórí gìtá tí kò sí nínú anfílífáyà, òun lórí itan rẹ̀. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ títí ìrìn-àjò fi máa parí.